Ilé Tí Dókítà Máa Gbé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí àgbàlagbà ti ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ibùdókọ̀ rélùwéè Porta Nuova ní Turin ni ì bá wá ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ì bá rí Àkàndé, ọkùnrin tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, nínú agbádá tí kò wọ̀ láti ọjọ́ tó ti sin ìyàwó rẹ̀, tó gbé àpò iṣu lé èjìká, tó ń bá ilẹ̀kùn rélùwéè jà nítorí pé ilẹ̀kùn náà kò gba òun àti iṣu pọ̀. Obìnrin òyìnbó kan bi í bóyá igi ìdáná ni. Àkàndé ní oúnjẹ ni. Obìnrin náà wo iṣu, ó wo Àkàndé, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń yàgò fún ẹni tí kò ṣe é bá jiyàn.

Kí ló ń gbé iṣu lọ sí Padua fún? Dókítà ló ń lọ tọrọ.

Ìdí-Òro ni ìlú Àkàndé, ìlú kékeré kan tó wà lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti máa ń sú ara rẹ̀ tí á sì di erùpẹ̀. Ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn sí ibẹ̀. Wọ́n kùn ún, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, àwọn èèyàn ńláńlá wá gé rìbọ́nù. Dókítà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kì í rán wọn wá. Wọn kì í dúró ni. Èyí tó bá dé nígbà òjò á lọ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Èyí tó bá dé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ á ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun n'Íbàdàn, ìyá náà kò sì ní jẹ́ kó padà mọ́.

Lọ́dún 2014, Tinúkẹ́ aya Àkàndé lọ sílé láti lọ ṣí ilé tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní Ítálì. Àìsàn èémí tó ti ń bá a fínra láti kékeré dìde sí i. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, àjákù rìbọ́nù gan-an ṣì wà lára òpó. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí àwọn èèyàn bá bi Àkàndé bó ṣe ṣẹlẹ̀, gbólóhùn kan ló máa ń sọ: “Kò dé Ìṣẹ́yìn.” Kì í fi nǹkan kan kún un.

Nígbà tó sin ín tán tó padà sí Turin, ẹnikẹ́ni kò rí omijé lójú rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó pe àwọn ọmọ Ìdí-Òro tó wà ní àríwá Ítálì jọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Olúrónkẹ́ ní àdúgbò Barriera di Milano, láàárín àpò gaàrí àti páálí panla, ó sì sọ fún wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá dókítà tó máa dúró. Wọ́n fi í ṣe alága lójú ẹsẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó lè wò ó lójú kó ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ Ìdí-Òro tó wà lókè eèpẹ̀, kò sí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ kò yẹ tó Àkàndé. Fọ́mánì ló jẹ́ nílé iṣẹ́ irin kan ní Collegno kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó sọ fún èèyàn pé ibi tó gbé òòlù sí kò dára. Ẹ̀bẹ̀, àwàdà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Tinúkẹ́ ló máa ń ṣe ìyẹn fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá jọ lọ sílé ẹnìkan, Tinúkẹ́ á kí tàgbà tèwe, á béèrè ọmọ, á béèrè orúnkún tó ń dun ìyá àgbà, Àkàndé á sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó wá ka mítà iná.

Ìkéde ló kọ́kọ́ kọ. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì ní ṣọ́ọ̀bù Olúrónkẹ́. Ó ní dókítà tí àwọn ń wá kò gbọdọ̀ máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò gbọdọ̀ ṣojo, kò gbọdọ̀ fẹ́ràn ìgbádùn, kò sì gbọdọ̀ máa kùn nítorí iná mànàmáná. Olúrónkẹ́ kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́, dókítà lẹ ń wá ni, àbí ẹlẹ́wọ̀n?”

“Ẹni tó máa fara dà á ni mò ń wá.”

“Ẹ ò wá kúkú fi kún un pé kò gbọdọ̀ jẹun.”

Ọmọkùnrin kan pè láti Brescia. Àkàndé fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Ó bá a wí dáadáa. Nígbà tó fi máa dórí ọ̀rọ̀ Ìdí-Òro, ọmọkùnrin náà ti pa fóònù tipẹ́. Afẹ́fẹ́ ni alága ń bá sọ̀rọ̀.

Olúrónkẹ́ ló já ìkéde náà sọnù. “Alága, a kì í lẹ ìwé mọ́ fìríìjì wá ìyàwó.”

“Ta ló ń wá ìyàwó?”

“Ìdí-Òro ni. Ìlú tó ń wá dókítà, ìyàwó ló ń wá. Ẹ fẹ́ mú ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí kò dé rí, láàárín èèyàn tí kò mọ̀, ẹ sì fẹ́ kó dúró. Kí ló kù níbẹ̀ tí kì í ṣe ìgbéyàwó? Ẹ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ bí ọmọ èèyàn.”

Ó ní òun mọ obìnrin kan ní Padua, Olúbísí, tó máa ń ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìrètí, kọ́ iṣẹ́ dókítà nílé, ó sì ṣe é nílé fún ọdún mélòó kan kí ìyá rẹ̀ tó mú un wá. Láti ìgbà tó ti dé ni ìjọba Ítálì ti ń yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò. Riconoscimento ni wọ́n ń pe ìdúró náà. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ náà ni Ìrètí ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ní casa di riposo kan, ilé tí àwọn òyìnbó ń kó àwọn àgbà wọn sí.

Inú Àkàndé dùn, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

“Ó ku ohun kan,” Olúrónkẹ́ ní. “Ibo ni ọmọ náà máa gbé?”

“Ilé dókítà wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. A máa kùn ún.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìdí-Òro tó wà níbẹ̀ ń wo panla bí ẹni pé òun fẹ́ rà á. Gbogbo ẹni tó jókòó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ló mọ̀ pé ilé kan wà ní Ìdí-Òro tó ní omi, tó ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lójú fèrèsé, tí òrùlé rẹ̀ kò jò, tó sì wà ní títì pa láti ọjọ́ ìsìnkú Tinúkẹ́. Wọ́n mọ̀ pé inú àpò ṣòkòtò alága ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ Turin. Àmọ́ ta ló máa sọ ọ́? Àkàndé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ilé náà a máa wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì ti ń bọ̀, Àkàndé á wo ibòmíràn, bí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe bó bá rí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ tram.

Olúrónkẹ́ kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí náà ló ṣe kọ́ alága ní ẹ̀kọ́ kó tó lọ. “Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ máa fi ‘ẹ’ bá dókítà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ti wọlé, ẹ dọ̀bálẹ̀.”

“Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí mo lè bí?”

“Ìlú ló ń dọ̀bálẹ̀, sà. Ẹ̀yin kàn máa yá a ní ara yín ni.”

Sùlèímọ̀n ló yẹ kó ṣe alárinà. Ilé ìwé kan náà ni òun àti Àkàndé jọ lọ ní Ìdí-Òro, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga ní Treviso láti ìgbà tó ti dé. Òun ló kọ́kọ́ dé ibùdókọ̀ Padua. Bí Àkàndé ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí ló figbe ta.

“Ọkọ ìyàwó!”

“Bá mi gbé iṣu, má pariwo.”

“Ẹ wo bó ṣe ń dán! Ìdí-Òro ò wá rí ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn rán níṣẹ́?”

“Sùlèímọ̀n.”

“Ó dáa, ó dáa. Rẹ́rìn-ín kí n wò ó. Wọn kì í fi irú ojú yẹn wọ ilé àna.”

Àkàndé rẹ́rìn-ín. Sùlèímọ̀n wò ó fún ìgbà díẹ̀.

“Pa á dé. Wọ́n á rò pé a wá lé wọn kúrò nílé.”

Arcella ni Olúbísí ń gbé, lẹ́yìn ojú irin, nínú ilé alájà mẹ́rin tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé iṣu, oyin àti orógbó dókè, èémí alága ti ń já. Olúbísí ṣí ilẹ̀kùn, obìnrin tó sanra díẹ̀, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wé gèlè nítorí àlejò. Àkàndé rántí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ó gbé iṣu sílẹ̀, ó ká agbádá, ó sì fi gbogbo gígùn rẹ̀ na ilẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì.

“Áà! Ẹ ṣeun, sà. Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ káàbọ̀.”

Àkàndé kò dìde.

Olúbísí tún ní kó dìde. Sùlèímọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. “Ó ti tó báyìí. O ti ń ṣe é jù.”

“Ẹ̀yìn mi,” Àkàndé dáhùn láti inú rọ́ọ̀gì. “Nǹkan kan dún níbẹ̀. Mi ò lè dìde.”

Sùlèímọ̀n nàró, ó yíjú sí Olúbísí. “Ìyá wa, ṣé ẹ rí bí Ìdí-Òro ṣe bọ̀wọ̀ fún yín tó? Wọ́n ní àwọn ò dìde.”

Bí wọ́n ti wà níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn wọn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ àwọ̀ ewé, ó rí bàbá arúgbó tó da ojú bolẹ̀, ó rí ọkùnrin tó dúró lé e lórí, ó sì ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ló ṣubú?” Ó ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lọ́rùn Àkàndé, ìkejì wà ní ìbàdí rẹ̀. “Ẹ má mira, Bàbá. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ mi ẹsẹ̀ ọ̀tún fún mi. Ẹ mi ti òsì. Ó dáa. Ṣé ó ti ṣe yín báyìí rí?”

“Ẹ káàsán, Dókítà,” Àkàndé ní, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú rọ́ọ̀gì. “Ìdí-Òro kí yín.”

Báyìí ni alága ìgbìmọ̀ ṣe di aláìsàn àkọ́kọ́. Ìrètí yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó ká orúnkún, òun àti Sùlèímọ̀n gbé e sórí àga gígùn, wọ́n fi tówẹ̀lì gbígbóná sí i lábẹ́ ìbàdí. Kò ní kó jókòó. Ó ní kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Orí ìdùbúlẹ̀ ni Àkàndé ti sọ iṣẹ́ tí ìlú rán an, ó ń wo gílóòbù iná, agbádá rẹ̀ bò ó bí aṣọ òkú. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló máa gbà á síṣẹ́. Àyè rẹ̀ ṣófo, wọ́n ń wá ẹni tó máa dí i. Ó ní ẹgbẹ́ máa fi nǹkan kún owó oṣù, wọ́n máa ra jẹnẹrétọ̀ fún ilé ìwòsàn, ọba sì ti ṣèlérí oyè.

“Oyè kí ni, sà?” Ìrètí béèrè.

“Wọn kò tíì sọ fún mi.”

“Ẹ bá mi sọ fún Kábíyèsí pé òògùn ni kí wọ́n fi ṣe oyè mi.”

Sùlèímọ̀n rẹ́rìn-ín. Olúbísí kò rín. Ó fi ọwọ́ lé itan, ó sì béèrè ohun tí ìyá ìyàwó máa ń béèrè láti ayébáyé.

“Ibo ni ọmọ mi máa gbé?”

“Ilé dókítà wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, mà. A máa kùn ún.”

Olúbísí mú fóònù rẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹni tí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wádìí. Láti ọjọ́ tí Olúrónkẹ́ ti pè mí ni mo ti ní kí Ojúọlá, àbúrò mi tó wà ní Ìṣẹ́yìn, gun ọ̀kadà lọ wo Ìdí-Òro. Ẹ wò ó.”

Ó gbé fóònù náà sí ojú Àkàndé. Ilé dókítà ni. Ìdajì òrùlé rẹ̀ ti ṣí lọ. Nínú ìdajì tó kù, ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ọ̀kan sì ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò bí onílé ṣe ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

“Ṣé èyí lẹ fẹ́ kùn?”

“A máa tún òrùlé ṣe.”

“Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa kun àwọn náà ni?”

Sùlèímọ̀n wúkọ́.

“Ojúọlá wá bi wọ́n,” Olúbísí ń bọ́rọ̀ lọ, “ó ní ṣé gbogbo ìlú kò wá ní ilé gidi kan ni? Wọ́n ní ó ní. Wọ́n mú un lọ wò ó. Wọ́n ní ẹni tó ni ín wà ní Ítálì níbí, ó sì tì í pa. Èyí nìyí. Ilé ta ni, sà?”

Àkàndé wo fọ́tò náà. Ilé aláwọ̀ ẹyin ni. Òun àti Tinúkẹ́ jà lórí ọ̀dà yẹn. Ó ní ó jọ ilé tí wọ́n ti ń ta òògùn, Tinúkẹ́ ní kó lọ gbé nínú irin rẹ̀ ní Collegno bí kò bá wù ú. Àga onígi tó ní kí wọ́n kàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ata tí Tinúkẹ́ gbìn ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó lò nínú ilé náà ti ga tó èjìká, ó so, ó pọ́n, ó sì ti ń gbẹ mọ́ ara igi. Kò sí ẹni tó já a.

“Ilé ìyàwó mi ni,” ó ní.

Ojú Olúbísí yí padà. “Wọn kò sọ ìyẹn fún mi. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Kí ló ṣe wọ́n?” Ìrètí béèrè.

“Èémí ni. Kò dé Ìṣẹ́yìn.”

Ìrètí mi orí. Ó mọ òògùn tí ì bá ràn án lọ́wọ́, ó sì mọ bó ṣe kéré tó. Lẹ́yìn ìyẹn ló fa àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ alága, ó jókòó.

“Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ lọ. Ọwọ́ mi ti ń gbàgbé iṣẹ́ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àmọ́ mo ti gbé irú ilé ewúrẹ́ yẹn rí, nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀. Gbogbo èèyàn rò pé iṣẹ́ ló lé mi. Òjò ni. Bí mo bá tọ́jú èèyàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo gbọ́dọ̀ rí ibi gbígbẹ sùn sí. Bí kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé iṣu yín padà.”

“Ohun tó wà lẹ́nu mi nìyẹn,” Olúbísí ní. “Ẹni tí kò ní ilé kì í gbé ìyàwó.”

Àkàndé ní ọ̀rọ̀ kan tó ti tò sílẹ̀ fún irú àkókò yìí. Láti Novara títí dé Verona ló fi ń tò ó nínú rélùwéè. Ọ̀rọ̀ nípa ìfara-ẹni-jìn ni: bí àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò ṣe fẹ́ fi ohunkóhun sílẹ̀ nítorí ìlú, bí wọ́n ṣe di gbogbo nǹkan mú gírígírí. Ó la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò náà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó wá rí i pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí wà nínú yàrá náà lóòótọ́: ó dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn, tówẹ̀lì gbígbóná wà lábẹ́ ìbàdí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

“Ilé yẹn kò ṣe é gbé,” ó ní níkẹyìn.

“Kí ló ṣe é, sà?”

“Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí. Àfi bí èèyàn bá gbé e sókè díẹ̀ kó tó fà á. Káfíńtà ló bà á jẹ́.”

“Kí n gbé e sókè díẹ̀. Mo ti gbọ́.”

“Omi kì í gun òkè. Àárọ̀ kùtù nìkan ni ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń fà á.”

“Láàárọ̀ kùtù.”

“Yàrá iwájú, oòrùn ń wọ ibẹ̀ jù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ló tutù. Ibẹ̀ ló yàn láti máa sùn. Wọn kò gbọdọ̀ dá iná igi nínú ilé ìdáná náà, èéfín kò dára fún un. Sítóòfù ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé kí wọ́n tó tàn án. Ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ó yẹ kí wọ́n máa já a. Bí ẹnikẹ́ni kò bá já a, igi rẹ̀ á kú.”

Ó wá gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Sùlèímọ̀n, tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti ilé ìwé, ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Ta ló máa já ata náà, sà?” Ìrètí béèrè.

Àkàndé fi ọwọ́ wá àpò rẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó fa àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde: ti géètì, ti ilé, ti àpótí lẹ́tà, àti èyí tó gùn ju gbogbo wọn lọ. Ó fẹ́ fi ọlá yọ ọ́ bí àgbà. Òrùka tí wọ́n so àwọn kọ́kọ́rọ́ mọ́ kò gbà. Ó fi èékánná kan ṣí i, èékánná kán. Ó gbìyànjú láti jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ké. Ó tún dùbúlẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè síbi tí iná wà, ó ń bá a jìjàkadì lójú gbogbo wọn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Gbé e wá kí n bá ọ yọ ọ́,” Sùlèímọ̀n ní.

“Fi mí sílẹ̀.”

“Ẹni tó fẹ́ fi nǹkan tọrẹ, tó tún dì í mú.”

Ìrètí yọ pín-ìn-nì kan láti inú irun rẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀ bọ inú òrùka, kọ́kọ́rọ́ gígùn náà sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Má fi wáyà fọ ìkòkò rẹ̀,” Àkàndé sọ fún un. “Kànìnkànìn ni kí o lò.”

Sùlèímọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí i. “Olúrónkẹ́ ní ‘ẹ’ ni kóo máa lò fún dókítà.”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” Olúbísí ní, ó ń fi etí gèlè nu ojú. “Mo ti rí ẹni tó máa bi ọmọ mi bóyá ó ti jẹun.”

Kí wọ́n tó lọ, Olúbísí kó iṣu wọlé, ó sì mú ọ̀kan nínú wọn padà wá gẹ́gẹ́ bí àṣà, torí pé ilé ìyàwó kì í gba ohun ìdána tán kí ilé ọkọ máa padà lọ́wọ́ òfo. Èyí tó tóbi jù ló mú. Sùlèímọ̀n ló gbé e dé ibùdókọ̀. Alága ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ mú ìbàdí, gbogbo ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà Arcella á rò pé ẹnìkan ti nà án. Nínú rélùwéè, ó gbé iṣu náà sórí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ń fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tó kù kò wúwo mọ́, wọ́n ń dún bí owó wẹ́wẹ́.

Ó rò pé òun á sunkún ní Milan, níbi tí ọkọ̀ ti dúró pẹ́. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ló dé nígbà náà, ó tọ́ka sí iṣu, ó sì fi ẹ̀rín bi í bóyá èyí náà ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àkàndé ní kò ní. Nígbà tí ọkùnrin náà kọjá, Àkàndé rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín, nínú gíláàsì fèrèsé. Sùlèímọ̀n kò purọ́. Ẹ̀rín náà burú púpọ̀.

Ìrètí lọ sí Ìdí-Òro kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àkàndé kò pè é. Ó sọ fún Olúrónkẹ́ pé òun kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á sọ fún òun pé ó ti lọ sí Ìbàdàn lọ kí ẹnìkan. Nígbà tí òjò wọlé tán, tí gbogbo ọ̀nà Ìdí-Òro ti di ẹrẹ̀, fóònù rẹ̀ dún ní ọ̀sán kan nígbà tó jókòó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Olúrónkẹ́.

“Ẹ káàsán, sà. Bàbá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí ò ṣí mọ́. Òjò ti mú un wú.”

“Gbé e sókè díẹ̀.”

“Mo ti gbé e.”

“O kò gbé e tó. Fi orúnkún tì í nísàlẹ̀, kí o wá gbé e.”

Ó gbọ́ ìró orúnkún lára igi, gbì, ó sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn náà ké. Òun nìkan ló mọ igbe yẹn ní gbogbo Turin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo wọlé: ọmọ ọwọ́ ń sunkún, obìnrin kan ń kọrin fún un, àwọn èèyàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbi tí àga onígi wà.

“Àwọn wo nìyẹn?” Àkàndé béèrè.

“Àwọn tí wọn ò lè dúró di ìgbà tí mo bá padà sí ilé ìwòsàn ni. Mo ní mo fẹ́ jẹun, wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti já ata mi tán.”

Àkàndé fẹ́ sọ nǹkan kan. Tinúkẹ́ ì bá mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ì bá kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí fóònù. Òun kò mọ ọ̀kankan níbẹ̀.

“Àwọn aláìsàn ń dúró dè ọ́, o sì dúró, o ń tẹ fóònù,” ó ní. “Lọ dá wọn lóhùn.”

“Ó dáa, sà.”

“Kọ́kọ́ jẹun ná.”

Ó pa fóònù. Olúrónkẹ́ ń wò ó láti ẹ̀yìn káńtà.

“Alága, ṣé ẹ tún bá a wí ni?”

“Mo bá a wí díẹ̀,” Àkàndé ní, ó sì dìde láti lọ bá a tún páálí panla tò.